Fóòmù Tí Mo Fi Sẹ́yìn Ọmọ

Sọ́ọ̀bù mi,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Abẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ tó máa ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Mo nírètí pé ara yín le, pé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ti fi ọ́ sílẹ̀, àti pé àwọn oníbàárà kò jẹ́ kí o rí àyè jókòó. Tí o bá fẹ́ gbọ́ tèmi, ara mi le, mo ń jẹun, mo ń ṣiṣẹ́. Ojú ló ń tì mí. Ohun tó sọ mí di akọ̀wé lọ́sàn-án òní nìyẹn, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kọjá ohun tí mo lè sọ lórí fóònù kí ẹnu mi má kọ́.

O rántí pé mo pè ọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Mo ní kí o má rán aṣọ àga ọmọ inú mọ́tò kankan mọ́ títí wàá fi gbọ́ láti ọ̀dọ̀ mi. O bú sẹ́rìn-ín, o ní ìlara ti bẹ̀rẹ̀, o ní èmi tí mo fi iṣẹ́ náà hàn ọ́ ni mo tún fẹ́ gbà á lẹ́nu rẹ nígbà tó ti ń dùn. Mo béèrè bí òjò ṣe ń rọ̀ sí lọ́dọ̀ yín, mo sì pa fóònù. Èmi Agídí, tí ọ̀gá tó kọ́ wa ní síìtì mọ́tò rírán fún lórúkọ yìí nítorí pé mi ò gbà rí pé mo ṣàṣìṣe, òjò ni mo ń béèrè. Jọ̀wọ́, fi àlùmọ́gàjí sílẹ̀, kí o ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀.

O mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà pọ̀ ju ojú rẹ̀ lọ, nítorí náà Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ni gbogbo wa ń pè é. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, Tíṣà, ló ra àga tí wọ́n máa ń so ọmọ mọ́ nínú mọ́tò. Ó pẹ́ kó tó rà á. Àlòkù kan wà níbì kan, ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n Tíṣà kọ̀ ọ́. Ó ní kò sí ẹni tó mọ mọ́tò tí wọ́n ti tú u, bóyá ó ti fara gbá jàǹbá rí, àti pé ike lè sán nínú kí ojú má rí i. Nígbà tó rí tuntun, ó gbé e sínú mọ́tò rẹ̀ kó tó sanwó, ó fi bẹ́líìtì mọ́tò dè é, ó sì ń mì ín bí ẹni ń mi igi ọ̀pọ̀tọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní tíṣà ni tíṣà ń jẹ́, ó fẹ́ máàkì àga bí ìwé ọmọ iléèwé.

Nígbà tó gbé e délé, ẹ̀yìn ló kọjú àga náà sí, tó fi jẹ́ pé bí mọ́tò bá ń lọ síwájú, ẹ̀yìn ni ọmọ ń wò. Ó ṣàlàyé fún wa pé ọrùn ọmọ kò tíì gbó, orí rẹ̀ sì wúwo, pé bí mọ́tò bá dúró lójijì, ẹ̀yìn àga ni yóò gba orí, ọrùn àti ẹ̀yìn ọmọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ ọ, Abẹ́rẹ́. Mi ò lè sọ pé wọn ò sọ fún mi.

Ṣùgbọ́n ojú mi ti wọ aṣọ àga náà. Aṣọ eléérú kan báyìí, ó fẹ́lẹ́ débi pé ènìyàn lè fi sẹ́ omi. Abẹ́ rẹ̀ kò ní fóòmù tó nípọn tó àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Èmi tí mo ń rán síìtì fún àwọn ọkùnrin tí ikùn wọn ń ṣíwájú wọn wọ mọ́tò, kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa jókòó lórí àkísà? Mo ní kí wọ́n gbé e fún mi kí n tún un ṣe. Tíṣà ní rárá. Ó ní, "Má fi ohunkóhun kún un o. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni kó ṣe wà." Ó tún fi àmì kan hàn mí lára aṣọ náà, àwòrán ìrọ̀rí tí wọ́n fa ìlà dábùú rẹ̀. Mo mi orí bí ẹni tó gbà.

Tíṣà wá rìnrìn-àjò ẹ̀kọ́ fún bí oṣù kan. Kò tíì jìnnà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Ṣé Tíṣà ló máa kọ́ èmi ní fóòmù?" Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́. Ó ń wo ilẹ̀, ó ń wo àga. Ṣùgbọ́n o mọ obìnrin yẹn. Òun ló bá ọ̀gá wa sọ̀rọ̀ tó fi gbà mí síṣẹ́, òun ló ń bẹ̀bẹ̀ fún mi ní gbogbo ìgbà tí ọ̀gá bá lé mi jáde. Kò sọ pé iṣẹ́ mi kò dára rí. Ó gbé àga náà fún mi nítorí pé èmi ni mo bẹ̀ ẹ́.

Mo bọ́ aṣọ eléérú náà jù sábẹ́ tábìlì. Mo gé fóòmù, kì í ṣe èyí tó fẹ́lẹ́, èyí tí a máa ń lò fún àwọn ọlọ́lá. Mo fi sí ẹ̀yìn, mo fi sí ìdí, mo fi sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Mo fi àrán pupa bò ó. Níbi tí orí ọmọ máa ń wà, mo fi òwú aláwọ̀ wúrà kọ Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ sí i, pẹ̀lú òdòdó kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fóòmù pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí bẹ́líìtì ọmọ kò fi ká a mọ́, mo bá tú u gùn títí tó fi tán. Mo gbé ọmọ sí i, bẹ́líìtì fara kan àyà rẹ̀, mo ní ó bá a mu.

Ṣé o rántí ohun tí ọ̀gá wa máa ń sọ? "Òpùrọ́ ni fóòmù. Kì í sọ bó ṣe ga tó títí ìdí ènìyàn yóò fi tẹ̀ ẹ́." A ò jẹ́ wọn síìtì awakọ̀ lófìfo láyé. Ìwọ gan-an ni ọ̀gá máa ń pè kó o jókòó, a ó wá máa fi ọ́ ṣẹ̀sín pé ká wá ẹni tó ní ìdí wá. Mo mọ òfin yìí bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ṣùgbọ́n mo wo ọmọ, mo ní báwo ni èyí tó fúyẹ́ bí ìyẹ́ yìí ṣe fẹ́ tẹ fóòmù. Mi ò rò ó pé bí mọ́tò bá dúró lójijì, ohun tó fúyẹ́ náà a máa di òkúta.

Èyí tó burú jù ni mo fẹ́ sọ báyìí, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo gbé àga náà padà sínú mọ́tò, mo rí i pé bí mo bá kọjú rẹ̀ sẹ́yìn bí Tíṣà ṣe fi í sí, kò sí ẹni tó máa rí òwú wúrà mi. Ẹ̀yìn àga nìkan ni ẹni tó bá yọjú lójú fèrèsé máa rí. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ọmọ èèyàn kì í fi ẹ̀yìn rin ìrìn-àjò, pé kí ọmọ máa wo ọ̀nà, kó gbọ́n. Ó rẹ́rìn-ín. Mo yí i síwájú. Nítorí ọmọ ni mo pè é, Abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n nítorí ara mi ni. Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn rí iṣẹ́ mi.

Wọ́n sì rí i. Onídìrí tó wà ní àdúgbò wa dá ẹ̀gbọ́n mi dúró lójú ọ̀nà, ó ní òun ò ní gbà, àfi kí n rán irú rẹ̀ fún ọmọ tòun. Mo rán an. Ìyìn wọ̀ mí lára bí ọtí. Nígbà náà ni mo pè ọ́, tí mo fọ́nnu, tí mo gé pátánì ránṣẹ́ sí ọ. Ìwọ nìkan lo bi mí ní ìbéèrè tó yẹ. O ní, "Agídí, ọmọ ò ní yọ̀ láàrin rẹ̀?" Mo sì dá ọ lóhùn pé ara rẹ rí bí abẹ́rẹ́, ọpọlọ rẹ náà rí bí abẹ́rẹ́, òwú kan ṣoṣo ló lè gbà á kọjá. O rẹ́rìn-ín, o sì rán an. Mo bẹ̀ ọ́ fún ọ̀rọ̀ yẹn. Bí mo bá gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, mi ò ní kọ lẹ́tà yìí.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, Tíṣà ń ti ìrìn-àjò bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká lọ pàdé rẹ̀ níbi tí ọkọ̀ rẹ̀ máa já a sí. Òun ló ń wa mọ́tò, èmi wà lẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Kò sáré. Ajá kan já sójú ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi tẹ bíréèkì. Mọ́tò kò kọ lu ajá, kò kọ lu nǹkan kan. Ó kàn dúró ni. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ kò dúró. Fóòmù mi wọlẹ̀, bẹ́líìtì dẹ̀, èjìká kan yọ jáde, ọmọ sì ṣubú sí ẹ̀gbẹ́, ẹnu rẹ̀ gbá ọwọ́ ilẹ̀kùn. Bẹ́líìtì kejì ló há a lọ́rùn. Mo rí i. Mo jókòó tì í, Abẹ́rẹ́, ọwọ́ mi kò sì yá tó.

Kò sunkún. Mo gbé bẹ́líìtì náà kúrò lọ́rùn rẹ̀, kò sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi ń pè é láti iwájú, kò dáhùn. Lẹ́yìn náà ló mí, ó wá figbe ta, ẹ̀jẹ̀ ń jáde létè rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì gbọ́ ohun tó dùn tó igbe yẹn.

Ọsibítù ni a gbà lọ. Dókítà wo ọrùn, ó wo orí, ó gbé apá, ó gbé ẹsẹ̀. Ètè ló ya, ojú bẹ́líìtì sì pọ́n lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ní ká dúró kí wọ́n máa ṣọ́ ọ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí a ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "Èmi ni mo fẹ́ pa ọmọ mi. Mo tẹ bíréèkì jù." Ó ń tún un sọ lásọtúnsọ, ó ń gbá orí mọ́ ògiri. Nígbà tí mo ń tú ọmọ jáde nínú àga, odidi ìkúùkù mi kọjá láàárín bẹ́líìtì àti àrán. Mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dájú. Ohun tí mo sì sọ fún un ni pé, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́." Ìyẹn nìkan. Mo jẹ́ kó máa ru ẹrù mi lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ẹni tó ti ń ru ẹrù mi láti kékeré.

A pe Tíṣà, ó wá bá wa níbẹ̀. Ó gbé ọmọ, ó wò ó, ó gbé e fún ìyá rẹ̀, ó sì jáde lọ síbi mọ́tò. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó pẹ́ tó ń wo àga náà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ike. Nígbà tó wọlé, kò wo ojú mi. Ẹ̀gbọ́n mi tún bẹ̀rẹ̀ pé òun lòun tẹ bíréèkì jù. Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti là. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ẹ̀yin. Fóòmù mi ni. Èmi ni mo sì yí i síwájú."

Kò sí ẹni tó lù mí. Ì bá sàn kí wọ́n lù mí. Tíṣà ní kí n dìde. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí: "Ta tún ni o rán irú rẹ̀ fún?"

Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ilé onídìrí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ń dirun fún obìnrin kan, ó ní ṣé mo wá gba ìyìn ni. Mo ní mo wá tú àga ọmọ. Ó ní kò sóhun tó jọ ọ́, òun nìyí tí mọ́tò òun ò dára níbì kankan bí kò ṣe ibẹ̀, mo tún fẹ́ bà á jẹ́. Mo bá ní kó gbé ọmọ rẹ̀ wá. Mo dè é sínú àga bí mo ṣe kọ́ onídìrí pé kó máa dè é. Mo wá tẹ ọmọ mọ́ fóòmù díẹ̀, mo sì ti ìkúùkù mi bọ àárín àyà rẹ̀ àti bẹ́líìtì. Ó wọ̀ ọ́, àyè tún kù. Onídìrí wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, níwájú oníbàárà rẹ̀ tí irun rẹ̀ kò tíì dì dé ìdajì. Ó ní, "Agídí, lọ́jọ́ tí o rán an, ṣé ọwọ́ rẹ ò tíì tóbi tó báyìí ni?" Mo tú u tán, mo dá aṣọ rẹ̀ àkọ́kọ́ padà sí i, mo sì kí wọn pé ó dàbọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kúrò tí mo fi pè ọ́.

Aṣọ eléérú ti Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ṣì wà lábẹ́ tábìlì mi, ọpẹ́ ni pé mi ò tíì fi nu epo. Ẹ̀gbọ́n mi wá sí sọ́ọ̀bù nígbà tí mo ń tú àrán kúrò, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró, ó ń wò mí. Ó ní, "Ọmọ tí mo pọ̀n yìí, ṣé o rí i kí n fi ìrọ̀rí sáàárín ẹ̀yìn mi àti àyà rẹ̀ kí n tó so ọ̀já?" Mo ní rárá. Ó ní, "Bí mo bá fi í síbẹ̀, ńkọ́?" Mo ní ọ̀já á dẹ̀, ọmọ á yọ̀. Ó ní, "O mọ̀ ọ́n. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Àwa méjèèjì la jọ gbàgbé." Kò yẹ kó sọ pé àwa méjèèjì. Wọ́n ní ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ náà fún ọmọ tí a gbé sínú mọ́tò. Àwa tí a gbé e ló yẹ ká mọ̀ fún un.

Bí àga náà ṣe wà báyìí nìyí, kí o lè sọ ọ́ fún àwọn tí o rán an fún. Ó ti kọjú sẹ́yìn, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ títí ara ọmọ yóò fi kún un. Síìtì ẹ̀yìn ló wà, kì í ṣe iwájú níbi tí báàgì atẹ́gùn tó máa ń yọ nígbà jàǹbá lè ti bú gbàmù lù ú. Bí mo bá di ìdí rẹ̀ mú tí mo mì ín, mọ́tò ló ń mì, àga ò kúrò lójú kan. Aṣọ òtútù tó nípọn a kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó dè é, wọ́n á wá fi aṣọ bò ó láti òkè. Bẹ́líìtì sì fún tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè fi ìka méjì ṣẹ́ ẹ pọ̀ léjìká ọmọ. Kò sí òwú wúrà níbẹ̀. Ó rí bí àkísà, ó sì dára.

Abẹ́rẹ́, mi ò ní kí o dá èyí nìkan ṣe. O sọ fún mi nígbà kan pé o ti rán an fún àwọn ilé mélòó kan, pé ìyàwó akápò kan wà níbẹ̀, àti ọkùnrin kan tó bí ìbejì. Jọ̀wọ́, pè wọ́n lónìí, kí wọ́n má gbé ọmọ sínú rẹ̀ mọ́. Ní Sátidé tó ń bọ̀, màá wọ ọkọ̀ àárọ̀ wá bá ọ. A ó jọ máa lọ láti ilé dé ilé. Èmi ni màá máa kan ilẹ̀kùn, èmi ni màá sì sọ ọ́, pé èmi ni mo fi èrú kọ́ ọ, pé ìwọ bi mí, mo sì fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ bú ẹnì kan, kí wọ́n bú mi. Mo ti gbọ́ ti onídìrí, ara mi ti ń mọ́ ọn. Bí o bá bínú sí mi, bínú, ṣùgbọ́n pè wọ́n ná.

Lánàá, Tíṣà fẹ́ gbé ẹ̀gbọ́n mi àti ọmọ lọ kí dókítà tún wò ó. Mo dúró lẹ́bàá ògiri bí àgbò tó jẹ iṣu, mò ń dúró kí wọ́n lọ tán. Tíṣà ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó gbé ọmọ dání, ó sì yíjú sí mi. Ó ní, "Wá dè é." Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ mi. Ó ní, "Ìwọ ni kó o dè é. Èmi á yẹ̀ ẹ́ wò." Mo dè é. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ fi ètè tó wú náà rẹ́rìn-ín sí mi, kò mọ nǹkan kan. Tíṣà fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò léjìká, kò rí ibi ṣẹ́ pọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì lọ.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àwọn ọmọ tí ọwọ́ wa ti kàn, kí ó má jẹ́ ká fi ẹwà ra ẹkún. Kí ìyàwó rẹ bí tiyín tọwọ́tẹsẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ má dùn ọ́ mọ́, kí àbẹ̀wò mi bá ọ nílé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí a jọ sùn lórí fóòmù kan náà ní sọ́ọ̀bù ọ̀gá,
Agídí.

Mo tún rántí: Fóòmù tó wà nínú àpò tí awakọ̀ gbé fún ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí ni èyí tó wà lẹ́yìn Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́. Fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti ojú kan, fi ìka kejì dúró dè é lódì kejì, kí o tẹ̀ ẹ́ títí wọn yóò fi pàdé. Gbogbo àyè tó wọlẹ̀ yẹn ni ọmọ gbà jáde. Má jù ú nù o. Fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri sọ́ọ̀bù rẹ níbi tí ojú ti ń tó o. Bí oníbàárà bá béèrè iṣẹ́ ta ni, sọ pé iṣẹ́ mi ni.